Ilé ìtajà orí ayélujára wo ni kí n lò? Ìbéèrè àti ìdáhùn fún oníṣòwò kékeré

Ta ni ojú ewé yìí wà fún?

Ẹni tó ń tajà láti ilé tàbí láti ṣọ́ọ̀bù kékeré ní Nàìjíríà, tí kò ní ẹni tó ń bá a ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, àmọ́ tó fẹ́ kí àwọn èèyàn lè ra ọjà rẹ̀ láti orí fóònù wọn. Aṣọ àdìrẹ láti Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ jù, torí àwọn aládìrẹ ni mo máa ń bá ṣe. Bó bá jẹ́ ọṣẹ dúdú, bàtà tàbí èlùbọ́ lẹ̀ ń tà, ẹ fi tiyín rọ́pò. Iye owó tí mo dárúkọ níbí lè yí nígbàkigbà. Ẹ yẹ ìkànnì ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wò kí ẹ tó san kọ́bọ̀.

WhatsApp ni mo fi ń tajà. Ṣé dandan ni kí n ní ilé ìtajà orí ayélujára?

Rárá o. Bí ọjà bá ń lọ, tí ẹ sì rántí ẹni tó ti sanwó àti ẹni tí kò tíì san, ẹ dúró síbi tí ẹ wà. WhatsApp Business jáde ní 2018. Láti 2019 ni ibi tí a ti lè to ọjà pẹ̀lú fọ́tò àti iye rẹ̀ ti wà nínú rẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. Ó máa ń yà mí lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ ẹni tó ń wá ìkànnì aláràbarà kiri ni kò tíì to ọjà mẹ́wàá síbẹ̀.

Àmì tí mo máa ń wò ni pé ẹni méjì sanwó aṣọ kan náà. Àdìrẹ tí a fọwọ́ ṣe kì í ní ìbejì. Bí ìyá kan ní Ìkẹjà bá san ₦15,000 lórí èyí tí ẹ gbé sí status láàárọ̀, tí ẹlòmíràn l'Ákùúrẹ́ sì ti fi owó tirẹ̀ ránṣẹ́ kí ẹ tó gbójú sókè, ẹjọ́ dé nìyẹn. Ilé ìtajà gidi á yọ aṣọ náà kúrò nílẹ̀ bí ẹni àkọ́kọ́ bá ti sanwó tán. Àmì kejì ni pé lálaalẹ́ lẹ̀ ń tú ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá kiri láti wá àdírẹ́sì oníbàárà.

Èrò pọ̀ lójú ewé Instagram mi. Ṣé ìyẹn ò tó ilé ìtajà?

Ó tó láti pe èrò. Kò tó láti fi ọrọ̀ ajé yín sí lábẹ́ pátápátá. Ní October 4, 2021, Facebook, Instagram àti WhatsApp dákú lẹ́ẹ̀kan náà kárí ayé fún bíi wákàtí mẹ́fà. Lọ́dún yẹn kan náà, láti June títí di January 2022, ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa ní Nàìjíríà, ẹni tó jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan ló ti ń tajà sì mọ̀ ọ́n lára. Ilẹ̀ onílẹ̀ lẹ kọ́lé sí; ìgbà tó bá wu onílẹ̀ ló lè lé yín.

Ohun tí ẹ máa ṣe kò le. Ẹ máa fi Instagram pe èrò, àmọ́ gbogbo ẹni tó bá ra nǹkan, ẹ kọ orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti ìlú rẹ̀ sílẹ̀ síbi tó jẹ́ tiyín, ìbáà jẹ́ inú ìwé. Bí ojú ewé náà bá kú lọ́la, àwọn oníbàárà yín ò bá a kú.

Tí mo bá wá fẹ́ ní ilé ìtajà, kí ni kí n kọ́kọ́ wò? Èyí tó rẹwà jù ńkọ́?

Ẹwà ló kẹ́yìn. Ohun tó yẹ kó jẹ yín lógún ni ọ̀nà tí owó oníbàárà máa gbà dé inú àkáǹtì yín ní náírà, iye tó máa ti dín kó tó dé, àti ohun tí ẹ máa lè kó dání lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ fi wọ́n sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó bá kùnà nínú ọ̀kan nínú wọn, bó ti wù kó máa dán gbinrin tó, ẹ fò ó. Mo ti rí ìkànnì tó dùn ún wò bí ojú ìyàwó, tí oníbàárà ò sì rí bọ́tìnnì ìsanwó tẹ̀ lórí fóònù kékeré.

Gbogbo ènìyàn ń sọ̀rọ̀ Shopify. Ṣé òun ló dára jù?

Ilé iṣẹ́ tó ń fún oníṣòwò ní ilé ìtajà orí ayélujára fún owó oṣooṣù ni. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Láti 2006 ni wọ́n ti wà lẹ́nu ẹ̀, láti ìlú Ottawa ní Kánádà, kò sì sí ohun tí ilé ìtajà ń ṣe tí wọn ò tíì rò. Àmọ́ ẹni tó wà ní Nàìjíríà ní ìṣòro méjì níbẹ̀.

Àkọ́kọ́, dọ́là ni wọ́n fi ń ka owó oṣooṣù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ June 2023, dọ́là kan ò tó ₦500 ní báǹkì. Kí 2024 tó parí, ó ti kọjá ₦1,500. Ohunkóhun tó bá ń gba $30 lóṣù, tí kò sì fi sẹ́ǹtì kan kún owó rẹ̀, ti kúrò ní nǹkan tí kò tó ₦15,000, ó ti di ohun tó lé ní ₦45,000. Aṣọ yín ò gbówó lórí tó bẹ́ẹ̀. Ẹ tún rántí pé láti ìparí 2022 lọ, ọ̀pọ̀ báǹkì dá lílo káàdì náírà fún owó òkèèrè dúró, ó sì di 2025 kí àwọn kan tó tún ṣí i. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ẹni tí kò ní káàdì dọ́là ò rí owó oṣù san, bí kò bá sì ti san, wọ́n á ti ilé ìtajà náà pa.

Ìkejì, Shopify Payments, ìyẹn ọ̀nà ìsanwó tiwọn fúnra wọn, kò sí fún oníṣòwò ní Nàìjíríà. Paystack, Flutterwave tàbí irú wọn, ìyẹn àwọn ilé iṣẹ́ tó ń bá oníṣòwò gba owó lọ́wọ́ oníbàárà, lẹ máa so mọ́ ọn. Torí pé kì í ṣe tiwọn lẹ lò, Shopify á yọ 2% lórí ọjà kọ̀ọ̀kan fún ẹni tó wà lórí ètò Basic, yàtọ̀ sí ohun tí Paystack fúnra rẹ̀ máa yọ. Ẹni tó ń tà fún ará òkè òkun lójoojúmọ́, tó ní àkáǹtì dọ́là, kó lọ sí Shopify pẹ̀lú ọkàn balẹ̀. Aládìrẹ tí gbogbo oníbàárà rẹ̀ wà láàárín Èkó sí Iléṣà, mi ò ní gbà á nímọ̀ràn.

Wọ́n ní WooCommerce jẹ́ ọ̀fẹ́. Ṣé lóòótọ́ ni?

Òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́. Ohun tí a ń fi kún WordPress, tí a fi ń kọ́ ìkànnì, kó lè di ilé ìtajà ni. Ó jáde ní 2011, Automattic tó ni WordPress.com sì rà á ní 2015. Ẹ máa san owó orúkọ ìkànnì lọ́dọọdún, ẹ máa san owó ibi tí ìkànnì ń gbé, àwọn ilé iṣẹ́ ìbílẹ̀ tó ń gba náírà fún méjèèjì sì wà. Kò sí ẹni tó máa yọ ìpín kankan lórí ọjà yín àyàfi ilé iṣẹ́ ìsanwó.

Àárẹ̀ rẹ̀ ni pé ìtọ́jú rẹ̀ ò dáwọ́ dúró. Bí a ò bá ṣe àtúnṣe tuntun tó ń jáde, àwọn jàǹdùkú á wọlé. Bí a bá sì ṣe é láìfarabalẹ̀, nǹkan kan lè bàjẹ́ lóru tí bọ́tìnnì ìsanwó ò sì ní ṣiṣẹ́ mọ́. Bí ẹ bá ní ọmọ tàbí àbúrò tó mọ iṣẹ́ yìí dáadáa, tí kò sì ní já yín kulẹ̀ nígbà ìdánwò nílé ẹ̀kọ́, kò sí ohun tó dà bíi rẹ̀. Bí ẹ ò bá ní, owó tí ẹ rò pé ẹ ò san, ọwọ́ ẹni tó ń tún un ṣe ló máa parí sí.

Àwọn tó jẹ́ ti ilẹ̀ wa ńkọ́?

Ibẹ̀ ni mo máa ń ní kí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà kónílé-ó-gbélé ọdún 2020, Flutterwave ṣí ilé ìtajà kékeré sílẹ̀ fún oníṣòwò, Paystack náà ní irú ẹ̀. Ẹ máa to ọjà, ẹ máa fi iye sí i, wọ́n á fún yín ní líǹkì tí ẹ lè fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Kò ní ọ̀ṣọ́ púpọ̀, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀.

Bumpa lọ síwájú díẹ̀. Áàpù orí fóònù ni, ọmọ Nàìjíríà ló ṣe é, náírà ni wọ́n fi ń gba owó ètò wọn. Ó ń ka sítọ́ọ̀kù, ó ń kọ rìsíìtì, ó sì ń to orúkọ oníbàárà. Ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà rárá lè fi fóònù Android kan ṣe gbogbo rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bi wọ́n, àti ẹnikẹ́ni tó bá jọ wọ́n, kí ẹ tó sanwó ọdún kan lẹ́ẹ̀kan ni pé: ṣé mo lè lo orúkọ ìkànnì tèmi níbẹ̀, ṣé mo sì lè gba àkójọ oníbàárà mi jáde?

Jumia àti Konga ńkọ́? Ṣebí èrò ti wà níbẹ̀.

Èrò wà níbẹ̀ lóòótọ́. 2012 ni àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀, orúkọ wọn sì ti wọ ilé. Wọ́n ń bá yín wá oníbàárà, wọ́n ń gbé ọjà, wọ́n sì ń yọ kọmíṣọ̀n tó yàtọ̀ láti irú ọjà kan sí òmíràn. Ọjà tí gbogbo ayé mọ iye rẹ̀, bíi ṣájà fóònù tàbí ìkòkò, ń rìn níbẹ̀. Àdìrẹ ò fi bẹ́ẹ̀ rìn, torí ẹ̀gbẹ́ aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ láti Ṣáínà ni wọ́n máa gbé e sí, ẹni tó ń wo iye nìkan ò sì ní mọ ìyàtọ̀. Oníbàárà tó bá rà á, tiwọn ni, kì í ṣe tiyín. Ẹ ò ní nọ́ńbà rẹ̀ tí ẹ máa fi pè é nígbà ọdún Iléyá.

Èló gan-an ni wọ́n máa yọ nínú owó mi?

Ẹ jẹ́ ká fi Paystack ṣírò, torí iye rẹ̀ rọrùn láti rántí: 1.5% pẹ̀lú ₦100 lórí owó tí a san nínú Nàìjíríà. Bí ọjà ò bá tó ₦2,500, wọn kì í gba ₦100 yẹn. Bó sì ti wù kí owó pọ̀ tó, ohun tí wọ́n máa yọ ò ní kọjá ₦2,000.

Aṣọ ₦15,000: ₦225 pẹ̀lú ₦100, ₦325 lápapọ̀, ₦14,675 ló máa dé ọ̀dọ̀ yín. Bó bá jẹ́ orí Shopify Basic ni, ₦300 mìíràn á tún lọ, ó di ₦625. Aṣọ ẹbí tó jẹ́ ₦200,000 ì bá gba ₦3,100, àmọ́ ₦2,000 ni wọ́n máa dúró lé. Fìlà ₦2,000 ò gbà ju ₦30 lọ.

Ibi tó ti ń dunni ni ọjà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ₦2,500. Gèlè ₦3,000 máa gba ₦145, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó náírà márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tí irú ọjà yìí pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kó máa ta á ní mẹ́ta mẹ́ta tàbí kó fi kún aṣọ. Mo ti bá oníṣòwò kan ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú báńdì irun, ó sì hàn nínú èrè rẹ̀.

Káàdì tó ti òkèèrè wá ń gba 3.9% pẹ̀lú ₦100: lórí ₦15,000 yẹn, ₦685. Ẹ tún fi sọ́kàn pé ọjọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e ni owó ń wọ báǹkì. Ohun tí ẹ tà ní ọjọ́ Ẹtì kò ní ra aró ní ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Àwọn oníbàárà mi ò fẹ́ fi káàdì sanwó. Tìránsífà ni wọ́n mọ̀.

Wọn ò jẹ̀bi. Ilé iṣẹ́ ìsanwó tó bá mọ Nàìjíríà máa fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà àkáǹtì tó jẹ́ ti ọjà tó fẹ́ rà yẹn nìkan. Bí owó bá ti wọ ibẹ̀, ilé ìtajà á mọ̀ fúnra rẹ̀, á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti san. Ìyẹn ló ń gbà yín lọ́wọ́ alert ayédèrú. Bí oníbàárà bá fi àwòrán rìsíìtì ránṣẹ́, tó ní ọlọ́kadà òun ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ má gbé aṣọ lé e lọ́wọ́ títí ẹ ó fi rí owó nínú àkáǹtì. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Ẹ má sì gbé ọ̀nà kan ṣoṣo kalẹ̀. Ní March 14, 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì tó gba abẹ́ òkun kọjá bàjẹ́ nítòsí Côte d'Ivoire, áàpù àwọn báǹkì kan sì dá dúró ní Nàìjíríà. Tìránsífà, káàdì àti USSD, ó kéré tán kí méjì wà.

Ta ló máa gbé ọjà lọ?

Ilé ìtajà kankan ò ní bá yín gun ọ̀kadà. Ohun tó lè ṣe ni kó ka owó gbígbé ọjà gẹ́gẹ́ bí ibi tí oníbàárà ń gbé, kó sì fi kún iye tó máa san. Ẹ wò ó dáadáa bóyá èyí tí ẹ fẹ́ yàn lè pín ìlú sí agbègbè: iye kan fún Abẹ́òkúta, òmíràn fún Èkó, òmíràn fún Òkè Ọya. Bí kò bá lè ṣe é, iye kan náà lẹ máa kọ fún Ṣàgámù àti Maiduguri, ẹ̀yin lẹ sì máa fi èrè dí i.

Láàárín ìlú, ẹ bá ọlọ́kadà kan tàbí méjì tí ẹ mọ ilé wọn ṣe àdéhùn. Fún ìlú òkèèrè, GIG Logistics àti irú wọn wà, wébìlì láti gáréèjì náà sì wà. Bó bá jẹ́ wébìlì, ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà ọkọ̀, ẹ gba nọ́ńbà dẹ́rẹ́bà, kí ẹ sì fi méjèèjì ránṣẹ́ sí oníbàárà kí ọkọ̀ tó gbéra.

Báwo ni kí n ṣe kọ àlàyé ọjà?

Bí ẹni pé oníbàárà ń fọwọ́ kan aṣọ náà. “Àdìrẹ tó rẹwà, ọjà tó dára” ò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Irú èyí ló ń tajà:

“Àdìrẹ ẹlẹ́kọ, yáàdì márùn-ún, aṣọ òwú. Aró dúdú tó ń tàn bíi búlúù lójú oòrùn. Ọwọ́ la fi ya àrà rẹ̀, nítorí náà ìlà rẹ̀ ò ní gún régé bíi ti ẹ̀rọ. Tí ẹ bá kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, ẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ nínú omi tútù pẹ̀lú iyọ̀. Aró díẹ̀ máa ṣàn. Ẹyọ kan ṣoṣo ló wà.”

Gbólóhùn tó sọ pé aró máa ṣàn dà bí ẹni ń lé oníbàárà, àmọ́ òun ló ń dín ìjà kù. Fọ́tò mẹ́ta ti tó: odindi aṣọ lójú oòrùn, àrà rẹ̀ nítòsí, àti èyí tí ènìyàn wọ̀ ọ́. Ẹ má lo àwọ̀ tí fóònù ń fi kún un. Ẹ dín ìwọ̀n fọ́tò náà kù kó tó gòkè, torí détà oníbàárà lẹ̀ ń ná.

Ta ló yẹ kó forúkọ ìkànnì sílẹ̀?

Ẹ̀yin fúnra yín, pẹ̀lú ímeèlì tiyín. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń kọ́ ìkànnì fi orúkọ ara rẹ̀ gbà á. Oníṣòwò kan tí mo mọ̀ bá ẹni tó ṣe tirẹ̀ jà, ẹni náà sì di orúkọ ìkànnì mú títí ó fi gba owó mìíràn. Orúkọ tó parí sí .com.ng kì í sábà wọ́n tó .ng lásán. Ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní NiRA ló ń bójú tó méjèèjì, a sì ń rà wọ́n lọ́dọ̀ àwọn tó gbàṣẹ lọ́wọ́ wọn. Ẹ kọ ọjọ́ tó máa parí sára kàlẹ́ńdà ara ògiri.

Ìwé ìjọba wo ni mo nílò?

Fún àkáǹtì ìsanwó, wọ́n á béèrè BVN àti ìwé ìdánimọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí owó máa wọ àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ iṣẹ́ yín, ẹ forúkọ sílẹ̀ ní CAC. Ẹni tó ń ta oúnjẹ inú páálí, ọṣẹ, ìpara tàbí àgbo nílò nọ́ńbà NAFDAC. Òfin FCCPA ti 2018, ìyẹn òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà, fún un ní ẹ̀tọ́ láti dá ọjà tí kò bá ohun tí ẹ júwe mu padà, nítorí náà “no refund” tí ẹ kọ gàdàgbà ò lè gbà yín. Òfin ààbò détà ti 2023 sì ní ẹ ò gbọdọ̀ máa pín nọ́ńbà oníbàárà kiri.

Àwọn ará wa ní London àti Houston fẹ́ rà. Kí ni kí n ṣe?

Owó rọrùn láti gbà. Ibodè ni iṣẹ́ wà. Tẹ́lẹ̀, ẹrù tí kò bá ju $800 lọ ń wọ Amẹ́ríkà láìsan owó ibodè. Láti August 29, 2025 ni wọ́n ti fòpin sí i. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti January 2021, ọjà tí iye rẹ̀ kò ju £135 lọ ni òfin ti sọ pé ẹni tó ń tà á tààrà fún ará ibẹ̀ ló máa gba owó orí VAT lọ́wọ́ oníbàárà, kó sì san án fún ìjọba wọn.

Àbá tí mo fẹ́ràn jù fún iṣẹ́ kékeré ni kí ẹ wá ẹnì kan níbẹ̀, ní Peckham tàbí ibi tí ará wa pọ̀ sí, tó ní ìforúkọsílẹ̀ òwò, kó máa ra ọ̀pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó sì máa tà á ní iye tirẹ̀. Ẹ̀yin á máa tà fún ẹnì kan ṣoṣo, wàhálà ibodè á sì wà lọ́wọ́ ẹni tó mọ ibẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ níkọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ọ́ gbangba lójú ewé ọjà pé owó ibodè ò sí nínú iye tí wọ́n san.

Báwo ni mo ṣe máa dán an wò kí n tó sanwó ọdún kan?

Ẹ fi ọjà márùn-ún síbẹ̀, kí ẹ wá gbé líǹkì náà fún ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, ìyá tàbí àǹtí yín, lórí fóònù tiwọn pẹ̀lú détà tiwọn. Ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ má sọ̀rọ̀. Ibi tí wọ́n bá ti dúró bi yín pé “kí ni kí n tẹ̀ báyìí?”, ibẹ̀ náà ni àwọn oníbàárà á ti máa sá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n san owó gidi, kí ẹ ṣọ́ ọjọ́ tó máa wọ báǹkì, kí ẹ sì dá a padà fún wọn látinú ilé ìtajà náà, kí ẹ lè mọ bí ìdápadà ṣe ń rí.

Bí mo bá fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ wọn lẹ́yìn ọdún méjì ńkọ́?

Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ “Export” sí, ìyẹn ibi tí a ti ń kó ohun tiwa jáde, lónìí, kí ẹ tó wọlé. Ó yẹ kí ẹ lè gba fáìlì CSV, irú èyí tí Excel lè ṣí, tó ní orúkọ ọjà, iye, oníbàárà àti ohun tí wọ́n ti rà. Shopify àti WooCommerce ń gbà yín láyè. Fọ́tò yín, ẹ ní ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ń tà, ẹ máa gba fáìlì yẹn ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ímeèlì ara yín.